Ẹran tó fi ìrù bo imú sùn: ta ló mọ ẹkùn orí yìnyín yìí?

Ọmọ_Ajílété (Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iná ti lọ ní Tákìé láti ìrọ̀lẹ́, kò sí iṣẹ́ tó ṣeé ṣe, ni mo bá ń yí fóònù kiri títí mo fi kan fídíò kan. Ẹkùn ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí à ń gbọ́ nínú ìtàn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú ààrò, àmì dúdú róbótó-róbótó sì kún ara rẹ̀. Orí àpáta ló sùn sí. Yìnyín ń bọ́ lé e lórí, kò mira. Ìrù rẹ̀ nípọn bí ọmọ odó, ó ká a yí ara, ó wá fi ṣóńṣó rẹ̀ bo imú, bí ìgbà tí ìyá àgbà bá fi ìborùn bojú láàárọ̀ ọyẹ́.

Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé ẹran náà ń tán lọ, pé àwọn darandaran ń pa á. Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kó là wá lọ́yẹ̀: ibo ló ń gbé, kí ló ń rí jẹ níbi tí koríko gan-an ò ti fẹ́ hù, kí ló sì dé tí wọ́n ń pa á? Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Màá sọ ọ́ tó bá yá, kí ẹ má kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹnu_Òpópó (9:20 alẹ́)

Iná lọ, o ń wo ẹkùn. Kú ìgbádùn. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ló ń lé èmi kiri, ẹkùn ò lé mi.

Tìṣà_Fẹ̀yìntì (9:41 alẹ́)

Ká tó bá ọ̀rọ̀ lọ, kí ni ká máa pè é? Yìnyín tí èmi mọ̀ ni èyí tó máa ń bá òjò bọ́, tó ń lu páànù gbàgbàgbà, tí a máa ń gbé igbá sáré jáde lọ ṣà nígbà èwe. Èyí tó ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú nílùú òyìnbó, òjò dídì ni àwọn mìíràn ń pè é. Bí a bá ní "ẹkùn òjò dídì", ahọ́n á kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà á ní ẹkùn yìnyín. Àmọ́ ẹ má pè é ní àmọ̀tẹ́kùn, kí àwọn ọmọdé má lọ rò pé ọ̀kan lára àwọn tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ dúró lẹ́bàá ọ̀nà Ìlọrin ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (10:33 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, sà. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mò ń kọ́, mo sì ti kàwé lórí ẹran yìí débi pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn tí a jọ ń gbé yàrá fi ń pè mí. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Orílẹ̀-èdè 12 ló wà, gbogbo wọn ní Éṣíà: Ṣáínà, Mòngólíà, Rọ́ṣíà, Íńdíà, Nepal, Bhutan, àti mẹ́fà tí orúkọ wọn parí sí "stan": Pakistan, Afghanistan, Kazakhstan, Kyrgyzstan, Tajikistan, Uzbekistan. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ibùgbé rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ní àwọn òkè Himalaya, láàárín 3,000 sí 4,500 mítà ló sábà máa ń wà. Kó lè yé wa: Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí kò ga tó 400 mítà. Chappal Waddi ní Tàràbà, òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, 2,419 mítà ni. Bí ẹ bá pọ́n ọn dé ṣóńṣó, tí ẹ sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹkùn yìnyín.

Kò tóbi bí ẹ ṣe rò. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 22 sí 55 kílò, èyí tó sanra nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Irun ló jẹ́ kó rí gàgàrà. Ìrù tí ẹ̀gbọ́n wí yẹn lè gùn tó mítà kan, òun ló fi ń di ara rẹ̀ mú bó bá ń fò láti àpáta kan sí èkejì, òun náà sì ni aṣọ ìbora. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, irun hù sábẹ́ rẹ̀, kì í jẹ́ kó rì. Inú imú rẹ̀ láyè, afẹ́fẹ́ tútù á ti gbóná díẹ̀ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù rèé: ìwádìí tí wọ́n ṣe sí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní 2015 fi hàn pé bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń gbé afẹ́fẹ́ kò sàn ju ti ológbò inú ilé wa lọ. Èmi ti rò pé Ọlọ́run máa ti fún un ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sì lè bú ramúramù bíi kìnnìún. Bó bá pàdé ojúlùmọ̀, imú ló fi ń fẹ́ atẹ́gùn fùùfùù kí i.

Ará_Ọ̀yọ́ (10:50 alẹ́)

Àbúrò, o gbìyànjú. Àmọ́ ṣé gbogbo wọn ló wà ní 3,000 mítà yẹn? Mo rí ibì kan tí wọ́n ti ní ní Rọ́ṣíà àti Mòngólíà, wọ́n máa ń sọ̀kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (10:58 alẹ́)

Òótọ́ ni, sà. Himalaya ni mo sọ. Lápá àríwá, òkè ò ga tó bẹ́ẹ̀, òtútù sì ti wà nísàlẹ̀, kò sídìí tí ẹkùn fi máa gun òkè kó tó rí i.

Bàbá_Ọdẹ_Ìkòyí (11:15 alẹ́)

Ọmọ mi, o káre. Ògìdán, olóólà ijù! Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹkùn tiwa, bó bá pa ẹran tán, orí igi ló ń gbé e lọ kí ìkookò má baà gbà á. Níbi tí kò sí igi ńkọ́? Ṣé òkè ló sì ti ń bọ̀ wá bá ẹran ni, àbí ìsàlẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (11:32 alẹ́)

Òkè ni, Bàbá. Ẹran tó ń jẹ jù ni àgùntàn òkè kan tí wọ́n ń pè ní bharal, àti ewúrẹ́ òkè oníwo gígùn tí wọ́n ń pè ní ibex. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta ni àwọn wọ̀nyí ń jẹko, ìsàlẹ̀ ni ojú wọn sì máa ń wà jù. Ẹkùn á gba òkè, á máa rá kò, àwọ̀ rẹ̀ àti ti òkúta á dọ́gba débi pé ẹ lè máa wò ó kí ẹ má rí i. Bó bá kù díẹ̀, á já lù wọ́n, òun àti ẹran á jọ máa yí bọ̀ nísàlẹ̀. Ó lè pa ẹran tó wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta ara rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń mú ẹranko kékeré kan tó ń gbẹ́ ihò bí òkété, marmot ni wọ́n ń pè é.

Nípa igi: kò sí. Ẹ̀gbẹ́ òkú ẹran náà ló máa jókòó sí fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á máa lé igún. Ẹran ńlá kan láàárín ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó o.

Bàbá_Ọdẹ_Ìkòyí (11:40 alẹ́)

Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Ó dáa, mo ti gbọ́. Mo ń lọ sùn.

Ìyá_Ẹlẹ́ran (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:02 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ọjà ni mò ń lọ, mo kàn fẹ́ bi ọmọ yìí ní ìbéèrè kan kí n tó gun ọ̀kadà. Gbogbo ẹran òkè tó kà sílẹ̀ yẹn, kò dárúkọ ewúrẹ́ onílé. Ẹran tó ti mọ adùn ewúrẹ́ igbó, ṣé á wá rí tinú ọgbà kó máa wò ó níran ni? Ta ló sì ń bá a tọ́ ọmọ lórí òkúta?

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (7:25 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí n kọ́kọ́ dáhùn ti ọmọ. Ìyá nìkan ni. Wọ́n máa ń gùn láàárín oṣù kìn-ín-ní sí ìkẹta, oyún á lo bí oṣù mẹ́ta lé díẹ̀, á bí méjì tàbí mẹ́ta sínú ihò àpáta. Ojú wọn kì í là tó bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ á sì máa tẹ̀ lé ìyá wọn kiri fún ọdún kan àtààbọ̀, nígbà mìíràn tó bí ọdún méjì, kí wọ́n tó mọ ọdẹ ṣe. Bàbá wọn ti lọ láti ọjọ́ tó ti rí ohun tó ń wá.

Ti ewúrẹ́ onílé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Ladakh, ní òkè Íńdíà lọ́hùn-ún, òkúta ni wọ́n fi ń mọ ọgbà ẹran. Òmíràn ò ga, òmíràn ò ní òrùlé rárá, òmíràn ní òrùlé àmọ́ ihò wà láàárín rẹ̀. Lóru, ẹkùn á fò wọlé. Ká ní gbangba ni, ọ̀kan ló máa rí pa, ìyókù á sá. Nínú ọgbà, kò sí ibi tí wọ́n máa sá gbà. Wọ́n á máa gbá ara wọn lu ògiri, wọ́n á máa ké, bí ọ̀kan bá sì ṣe ń ta pọ́ún ni ẹkùn á máa fò mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lè ti pa ogún, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn onílé á ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, á bá ẹkùn níbẹ̀ láàárín òkú ẹran, ó ti yó, kò rọ́nà jáde. Ẹ mọ ohun tí abúlé máa fi òkúta ṣe.

Ní 2016, TRAFFIC, àjọ tó ń tọpa òwò ẹran igbó, gbé ìròyìn kan jáde pé láti 2008, ẹkùn yìnyín tí wọ́n ń pa lọ́dún kan wà láàárín 221 sí 450. Ju ìdajì lọ nínú rẹ̀, nítorí ẹran ọ̀sìn ni. Awọ àti egungun là ń gbọ́ ariwo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú márùn-ún péré ló kú lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dẹ ẹ́ láti tà.

Ìyá_Ẹlẹ́ran (1:10 ọ̀sán)

Èmi náà máa pa á. Kí n má purọ́ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń káàánú ẹkùn, ẹ ò tíì jí láàárọ̀ kí ẹ bá ewúrẹ́ olóyún nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ajá mẹ́ta wọ ọgbà mi lóru, wọ́n pa márùn-ún. Ọ̀kan ló ṣẹ́ kù. Ó fara ti kọ̀rọ̀ ògiri, etí rẹ̀ kan ti ya, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun. Owó ilé-ìwé ọmọ ni àwọn ewúrẹ́ yẹn. Ẹni tó bá wá sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ajá ṣọ̀wọ́n láyé, ọ̀pá tí mo fi ń da ẹran ni mo máa fi dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá bá adìẹ wí.

Ọmọ_Ajílété (1:46 ọ̀sán)

Ó dáa. Ìdí tí mo fi béèrè nìyí. Adìẹ 11 ni mo ní lẹ́yìnkùlé. Ó ti ku 4. Ẹtà ló ń kó wọn lóru. Mo ti ra májèlé, ó wà nínú ike lókè àjà. Mo fẹ́ fi há inú èyí tó jẹ kù, kí n gbé e síbi tó ń gbà. Alẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣe é gan-an ni mo rí ẹkùn tó fi ìrù bojú yẹn. Ọwọ́ mi wá rọ. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ wàyí.

Ẹnu_Òpópó (2:03 ọ̀sán)

Mo ti ń palẹ̀ yẹ̀yẹ́ mọ́ dè ọ́, àmọ́ jẹ́ kí n fi èyí sílẹ̀. Má ṣe é.

Mo ní ajá kan rí, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Aládùúgbò kan tí mi ò ní dárúkọ fi májèlé sínú ẹja fún ológbò tó ń jí ọbẹ̀ rẹ̀. Ológbò gbóòórùn rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Tanímọ̀la jẹ ẹ́. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀. Ìtọ́ funfun ń jáde. Àbúrò mi bu epo pupa sí i lẹ́nu, kò gbé e mì. Kò pé wákàtí kan. Títí di òní, bí mo bá kọjá ẹnu ọ̀nà onílé yẹn, "ẹ kúulé" ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (2:30 ọ̀sán)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè náà nìyẹn. Tàkúté àti májèlé tí àwọn kan dẹ sílẹ̀ de ìkookò, ẹkùn yìnyín ló máa ń wá kó sí i.

Bàbá_Ọdẹ_Ìkòyí (4:12 ìrọ̀lẹ́)

Ajílété, dá mi lóhùn. Báwo ni ògiri ilé adìẹ rẹ ṣe ga tó? Ṣé ilẹ̀ ló gbẹ́ wọlé ni? Ibo lo ti ń bá ìyẹ́?

Ọmọ_Ajílété (4:20 ìrọ̀lẹ́)

Ó dé àyà mi, Bàbá. Kò gbẹ́ ilẹ̀. Páànù tí mo fi bò ó kò dé ìparí, mo fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn, ìwọ̀n apá kan. Orí ògiri ni mo ti ń bá ìyẹ́, àti lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá_Ọdẹ_Ìkòyí (4:31 ìrọ̀lẹ́)

Kì í ṣe ẹtà. Ilẹ̀ ni ẹtà ń tọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ gun nǹkan. Ológbò igbó ni. Igi máńgòrò yẹn ló ń gbà bọ̀. O fẹ́ fi májèlé pa ẹtà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (5:05 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe padà wá sí Ladakh! Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Rodney Jackson. Òun ló kọ́kọ́ so ẹ̀rọ rédíò mọ́ ẹkùn yìnyín lọ́rùn, ní Nepal, ní 1982, kó lè mọ ibi tó ń rìn dé. Ó tọ̀ wọ́n lẹ́yìn lórí àpáta fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó wá dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Snow Leopard Conservancy, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbájú mọ́ jù ní Ladakh ni wáyà, igi àti ilẹ̀kùn. Wọ́n bá àwọn ará abúlé fi wáyà bo orí ọgbà ẹran, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn tó ń tì gírígírí. Ọgbà tí wọ́n bá ti bò dáadáa, ẹkùn ò rí i wọ̀ mọ́. Òwúrọ̀ tí Màmá sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn kò ní wáyé, ìbínú náà kò ní sí.

Ìyá_Ẹlẹ́ran (8:15 alẹ́)

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ẹran kì í sùn ní ọgbà tọ̀sán-tòru. Èyí tó bá pa ní pápá ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (8:40 alẹ́)

Wọ́n ní ètò kan fún ìyẹn, Màmá. Àwọn darandaran á máa dá owó jọ lórí ẹran kọ̀ọ̀kan, àwọn àjọ aláàbò ẹranko á fi díẹ̀ kún un níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹkùn bá pa ẹran ẹnì kan, wọ́n á san owó fún un nínú àpò náà. Àwọn ará abúlé ló ń dìídì yan ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó o.

Ìyá_Ẹlẹ́ran (8:44 alẹ́)

Àjọ ni nìyẹn.

Ẹnu_Òpópó (8:46 alẹ́)

Ẹ gbé e wá síbí kí ẹ wò ó. Gbogbo ewúrẹ́ tí mọ́tò bá gbá lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ẹkùn ló máa pa á.

Ìyá_Ẹlẹ́ran (8:53 alẹ́)

Rárá o. Bó bá jẹ́ owó ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ àjọ tí èmi náà dá sí, tó o bá gbé òkú ewúrẹ́ wá, èmi fúnra mi ni mo máa wo ọrùn rẹ̀. Ojú eyín ẹkùn àti ojú táyà ò jọra.

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (9:10 alẹ́)

Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, Màmá. Owó ara wọn ni, wọ́n sì mọ ara wọn.

Ní Mòngólíà, àwọn obìnrin ló di ti tiwọn mú. Wọ́n ń fi irun àgùntàn àti ti ràkúnmí ṣe bàtà inú ilé, ẹní àti nǹkan ìṣeré, àjọ aláàbò ẹranko kan, Snow Leopard Trust, ń bá wọn tà á sókè òkun. Àdéhùn wà: bí ọdún bá yí po tí ẹnikẹ́ni kò pa ẹkùn ládùúgbò, wọ́n á rí èlé lórí owó wọn. Bí ẹnì kan bá pa á pẹ́nrẹ́n, gbogbo wọn ló pàdánù èlé. Ẹ wo ọkùnrin tó fẹ́ gbé ìbọn jáde nínú irú abúlé bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀ ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Tìṣà_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Àìkú, 3:30 ọ̀sán)

Ìjọ ni mo ti ń bọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹran tí ẹni tó ń wá a gan-an kì í rí, báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Ènìyàn tó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é, a ò tíì rí i kà dáadáa nílẹ̀ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (4:02 ìrọ̀lẹ́)

Kámẹ́rà ni, sà. Wọ́n á gbé e sábẹ́ òkúta níbi tí ẹkùn máa ń tọ̀ sí, torí ojú kan náà ló máa ń padà wá fi òórùn rẹ̀ sí. Bí ohunkóhun tó gbóná bá kọjá, kámẹ́rà á ya fọ́tò fúnra rẹ̀. Àwọn àmì ara ẹkùn kan kò sì bá ti èkejì mu. Bí ilà ojú ni: bí ẹ bá rí pélé àti àbàjà, ẹ mọ̀ pé ènìyàn méjì ni.

Ìjọba Íńdíà ṣe irú ètò yìí láti 2019 sí 2023. Ojúkò 1,971 ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí. Ẹkùn 241 ni wọ́n dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò, wọ́n wá ṣírò rẹ̀ pé gbogbo èyí tó wà ní Íńdíà máa tó 718. Ladakh nìkan ní 477. Bhutan náà ka tirẹ̀, 96 ló rí ní 2016, nígbà tí wọ́n tún un kà ní 2023, ó di 134.

Bàbá_Ọdẹ_Ìkòyí (4:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ rí i bí? Olóólà tí à ń pè é láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti kọ ilà fún ara rẹ̀ kí kámẹ́rà tó dé.

Ará_Ọ̀yọ́ (5:15 ìrọ̀lẹ́)

Bó bá ń pọ̀ sí i ní Bhutan, kí ló dé tí wọ́n ní ó ń tán lọ? Mo tiẹ̀ kà á pé ní 2017 wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó wà léwu jù.

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (5:48 ìrọ̀lẹ́)

IUCN, àjọ àgbáyé tó ń to ẹranko sí ìpele ewu, ló sún un wálẹ̀ díẹ̀ ní 2017, láti ìpele ewu ńlá sí èyí tó rọ̀ jù ú lọ. Kì í ṣe pé ó ti bọ́. Ìṣirò wọn nígbà náà ni pé àwọn tó ti dàgbà tó láti bímọ wà láàárín 2,710 sí 3,386 ní gbogbo ayé. Ẹ da gbogbo wọn sí pápá ìṣeré kan, wọn ò lè kún ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ bínú sí ìpinnu yẹn títí dòní, pé ó yá jù. Èmi ní tèmi, mo gbà pẹ̀lú àwọn tó bínú: ilẹ̀ tí wọ́n ti kà délẹ̀délẹ̀ kò tíì pọ̀ tó.

Ewu mìíràn tí ìbọn ò sí nínú rẹ̀ ni irun ewúrẹ́. Ewúrẹ́ Mòngólíà ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ irun rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń hun súẹ́tà olówó iyebíye. Bí owó rẹ̀ ṣe ń gòkè, ewúrẹ́ ń pọ̀ sí i. Ẹran ọ̀sìn ibẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá ènìyàn ibẹ̀ lọ. Wọ́n ń jẹ koríko tó yẹ kí ibex jẹ. Ibex ń dín kù, ebi ń pa ẹkùn, ọgbà Màmá ló máa wá.

Ìyá_Ẹlẹ́ran (5:50 ìrọ̀lẹ́)

Ọgbà mi kẹ̀? Má fi mí ṣàpẹẹrẹ o.

Ará_Ọ̀yọ́ (7:30 alẹ́)

Mo fẹ́ ṣe ìṣirò kan fún yín. Ẹ mọ igbó ọba wa, Old Oyo National Park, níbi tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, lọ́nà Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho lọ́hùn-ún. Ní 1991 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ rí mọ̀ pé ènìyàn lè wa mọ́tò láti àárọ̀ kó má rí òpin rẹ̀.

Mo kà á pé ní òkè Tost, ní gúúsù Mòngólíà, akọ ẹkùn yìnyín kan ń lo ilẹ̀ tó bí 207 kìlómítà onígun mẹ́rin, abo ń lo 124, akọ méjì kì í sì í fẹ́ pín ilẹ̀. Ẹ pín in wò: gbogbo igbó Ọ̀yọ́-Ilé, akọ 12 péré ni yóò gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG (7:52 alẹ́)

Ẹ ṣeun, sà, ìṣirò yẹn gún régé. Ìwádìí kan náà ló sọ pé nínú ọgbà ààbò 170 tó wà ní ilẹ̀ ẹkùn yìnyín, 40 nínú 100 kò fẹ̀ tó ilẹ̀ tí akọ kan ṣoṣo ń rìn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè ní kí ẹkùn jókòó sínú ọgbà kó má bá darandaran pàdé. Tost náà kò rọrùn. Àwọn awakùsà ti ń yọjú síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ló tako wọn títí ìjọba fi sọ òkè náà di ilẹ̀ ààbò ní 2016.

Ẹnu_Òpópó (8:01 alẹ́)

Gbogbo èyí dára, àmọ́ mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹkùn Mòngólíà, ará Mòngólíà ni kó bá a wá nǹkan ṣe. Wọn ò bá wa da ọ̀rọ̀ igbó wa rò.

Tìṣà_Fẹ̀yìntì (8:20 alẹ́)

Ta ló ní kí o lọ bá a ṣe é? O ti bá adìẹ Ajílété ṣe é láìmọ̀.

Ọmọ_Ajílété (Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ní kí n wá jábọ̀. Mo lọ sí Sábó, mo ra wáyà oníhò, yáàdì mẹ́ta. Káfíńtà kan bá mi fi igi ṣe férémù, a kàn án mọ́ ibi tí páànù ò dé, ìṣó ò jìnnà síra. Mo gé ẹ̀ka máńgòrò tó nà wá sórí ògiri, ìyàwó mi sì ń bínú nítorí òun ló ń so jù. Ike májèlé yẹn, mo dá a padà fún ẹni tó tà á, kò dá owó padà.

Lóru àná, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo gbọ́ gìrìgìrì lórí páànù. Àwọn adìẹ ké lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dákẹ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì gba ojú fèrèsé. Ojú méjì ló ń dán láti orí wáyà. Ó jókòó lé e! Ara rẹ̀ tínrín ju bí mo ṣe rò lọ, ìrù rẹ̀ ní òrùka dúdú. Ó wo tọ́ọ̀ṣì, ó wo adìẹ nísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan wáyà bí ẹni tó ń dán ẹní wò lọ́jà, ó sì fò lọ. Láàárọ̀ yìí mo bá irun díẹ̀ lẹ́nu wáyà, àwọ̀ eérú.

Adìẹ mi pé mẹ́rin.

Bàbá_Ọdẹ_Ìkòyí (8:05 àárọ̀)

Mo wí i.

Ìyá_Ẹlẹ́ran (8:30 àárọ̀)

O kú iṣẹ́. Ẹyin tí wọ́n bá yé lọ́sẹ̀ yìí, mo ń retí rẹ̀. Èló ni wọ́n ń ta yáàdì kan?

Ọmọ_Ajílété (8:34 àárọ̀)

Ẹ má dá lọ rà á, Màmá. Wọ́n á tà á gbówó lérí fún yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ ní Ọjọ́bọ̀.